Bàtà Tuntun fún 504

Àbúrò mi ló fi àwòrán ríìmù mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ínṣì 17, dúdú mìnìjọ̀, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Ó ní, "Brọ̀dá mi, ẹ wo bàtà tí mo fẹ́ rà fún mọ́tò Bàbá."

Mọ́tò Bàbá ni Píjò 504 kan tó ti wà nílé wa ní Ìṣùà Àkókó kí wọ́n tó bí èmi àti òun. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń gbé báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dáhùn tí wọ́n bá kí i dáadáa, àmọ́ táyà rẹ̀ ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Mi ò tètè dá a lóhùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, àwa tó ń kọ kóòdù sì mọ̀ pé kéèyàn tó yí ohun àtijọ́ padà, ó yẹ kó wádìí ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, kí ló dé tó jẹ́ ríìmù ínṣì 14 ni 504 gbé wá, kí ló sì dé tí àwọn awakọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ kúrò?

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó. Ẹ rántí pé ìgbà owó Udoji nìyẹn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù, tíṣà àti akọ̀wé tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò. Èyí tó gùn lẹ́yìn nínú 504, tó ní ìlà àga mẹ́ta, di ọkọ̀ èrò. Òun ló ń kó èrò Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lọ sí Ìbàdàn àti Èkó.

Táyà 175 R14 ló wà lẹ́sẹ̀ 504 kékeré. Ti wágọ́nù jẹ́ 185 R14. Tí ẹ bá wò ó, ẹ̀gbẹ́ táyà náà ga, ó sì rọ̀. Kì í ṣe pé owó ríìmù ńlá ni wọn ò ní. Ẹran ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn wà lára ohun tó ń gba kòtò mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ sípíríǹgì, kó tó dé ìbàdí ẹni tó jókòó. Ìdí kan nìyẹn tí 504 fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1975, tó tún gbà á ní 1978. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ọ̀kà gba Epinmi dé Ìṣùà, tó tún lọ sí Ìbìllò ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ó mọ̀ pé Safari tiwa nìyẹn.

Ta ló wá bọ́ bàtà náà? Èmi ò gbà pé fáàrí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni Dunlop ti ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, tí Michelin náà ń ṣe é ní Port Harcourt. Ní 2007, Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa. Kò pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ dúró. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n dáwọ́ 504 dúró ní Kàdúná. Tókúnbọ̀ Toyota ló kún ìgboro, ìwọ̀n táyà Toyota sì ló kún ìsọ̀ àwọn fọ́kánáísà. Ìjọba fòfin de kíkó àlòkù táyà mọ́tò kékeré wọlé, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀bá títì kẹ́ ẹ rí i bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹni tó bá béèrè 175 R14, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò sí mọ́ o, àmọ́ a lè bá yín ṣe é."

"A lè bá yín ṣe é" yẹn ni ẹ̀rù ń bà mí. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló ń di ẹsẹ̀ 504 mú, wọ́n sì jìnnà síra: òbìrí tí wọ́n tò wọ́n sí jẹ́ mílímítà 140 ní ìbú. Ti ọ̀pọ̀ Corolla ayé 1990 jẹ́ 100. Ti Camry jẹ́ nọ́ọ̀tì márùn-ún lórí 114.3. Ríìmù wọn ò lè wọ̀ ọ́ láéláé, àfi kí ẹnì kan fi ìrọ dá ihò tuntun sí i.

Bí wọ́n ṣe ṣe ti ọkọ̀ tí ìyá mi wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. 504 kékeré ni, èrò àti iṣu kún inú rẹ̀, táyà jíìpù 215/65 R16 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà ní ó ń jẹ́ kí mọ́tò òun ga, kó má gbá ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò ni táyà ẹ̀yìn ń ha ara rẹ̀ mọ́ inú fẹ́ńdà. Kí wọ́n tó dé Epinmi, ó bẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ títí di òní, apá òsì ìyá mi kì í gòkè ju èjìká lọ.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. 215 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 16 ni ríìmù ní ínṣì. Táyà àtijọ́ tí kò ní nọ́ńbà àárín, nǹkan bí 82 là ń kà á sí. Ẹ bá mi ro ó: 175 R14 ga tó mílímítà 643 látòkè délẹ̀, 215/65 R16 ga tó 686, ó tún fi 40 fẹ̀ jù ú lọ. Tí aago ọkọ̀ bá ní ẹ ń sá 100, nǹkan bí 107 lẹ ń sá gan-an. Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ kékeré wá ń dá ẹsẹ̀ ńlá dúró, ó sì ń pàdánù nínú agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ wá fi iṣu àti òkè Ọ̀kà kún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ríìmù ńlá fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Táyà 215/45 tó máa ń bá irú ríìmù ínṣì 17 tí àbúrò mi rí rìn ga tó 625, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 643. Aago ọkọ̀ ò ní purọ́ púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ju mílímítà 97 lọ, ti àtijọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 143. Kòtò kan péré lójú ọ̀nà wa, ríìmù á ká bí etí àwo. 195/65 R15 ńkọ́? 634 ni gíga rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 127, ó sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ torí pé Corolla ń lò ó. Ìyẹn ni mo fara mọ́, lórí ríìmù tí wọ́n dá ihò rẹ̀ fún Píjò láti ilé iṣẹ́.

Mo pe àbúrò mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT lára táyà tí wọ́n bá fẹ́ tà fún un: 2308, bí àpẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó dán tó.

Ó ní, "Ínṣì 15? Brọ̀dá, ti arúgbó nìyẹn."

Mo ní, "Mọ́tò arúgbó náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí búùtù láti wọn fẹ́ńdà bí mo ṣe ní kó ṣe, ó sì bá táyà àpamọ́ Bàbá níbẹ̀, lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì. Dunlop ni, 175 R14. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́: erùpẹ̀ bò ó, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ "Made in Nigeria" sí ṣì hàn ketekete. Fọ́kánáísà kan ti fẹ́ fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà kó lè gé e ṣe ìjókòó. Ó lóun ò tà.