Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Àpò Owó Tó Di Nọ́ńbà
Lẹ́nu àwọn oníròyìn Yorùbá, mílíọ̀nù kan ni àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ayé owó ẹyọ ni orúkọ yìí ti wá. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó ẹyọ, kí ọkọ̀ òkun àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Wọn a dá ẹyọ lu, wọn a sì sín in sókùn, ogójì lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá a kún àpò kan, ẹrù tí ń wọ alárù lọ́rùn. Àpò náà gan-an ni ọ̀kẹ́. Bí ohun tí ń gba owó ṣe di orúkọ iye inú rẹ̀, 20,000, nìyẹn. Ọ̀kẹ́ lọ́nà àádọ́ta sì jẹ́ 1,000,000 géérégé.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ Zanzibar, tó tóbi ju ti Maldives lọ tó sì pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ Èkó. Iye owó ẹyọ bá já wálẹ̀, títí ṣílè, owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.