Omi Abẹ́ Ìwáyà: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Ti Rí àti Ohun Tí A Kò Wọ̀n

Yorùbá ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Bí ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí bá dé Ìwáyà láàárọ̀ kùtù, ẹnu á yà á. Á bá àwọn mẹ́ruwà lójú títì, kẹ́ẹ̀gì tò rẹrẹ lórí ọmọlanke, wọ́n ń ta omi fún ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sà ni ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìwáyà wà ní etí ọ̀sà Èkó, láàárín Mákòókò àti Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka. Omi yí i ká, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò jìn rárá. Ó kéré tán, láti ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé lórí ilẹ̀ tó gba omi yìí sára, ohun tí wọ́n sì kọ tó lò. Èrò tèmi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé a kì í wọn omi náà fúnra rẹ̀ déédéé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni oníkálukú ń gbẹ́ bọ́hóòlù.

Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Ní 1964, Jones àti Hockey tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ilẹ̀ àti àpáta apá kan gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Èkó jókòó sínú agbada ilẹ̀ ńlá kan tí àwọn onímọ̀ fi Dàhọ̀mì sọ lórúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó la Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó wọ ilẹ̀ wa. Omi ọdún àìmọye ló kó iyanrìn àti amọ̀ kún un, ìpele lórí ìpele. Iyanrìn a máa gba omi sára, amọ̀ a máa dá a dúró. Nítorí náà, kò sí odò kankan tó ń ṣàn nínú òkùnkùn lábẹ́ ilé wa, bí àwọn agbẹ́bọ́hóòlù kan ṣe máa ń sọ fún oníbàárà. Àárín hóró iyanrìn ni omi náà fara pamọ́ sí, bí omi ṣe ń wà nínú gààrí tí a rẹ. Ó ń rìn ṣá, ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ni. Henry Darcy, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, ló fi páìpù tó kún fún iyanrìn ṣàlàyé rẹ̀ ní 1856: bí omi ìhà kan bá ṣe ga ju ti ìhà kejì lọ tó, àti bí iyanrìn bá ṣe rí, ni omi á ṣe yára tó.

Ìròyìn tí iléeṣẹ́ Kampsax-Kruger ṣe ní 1977 pín ilẹ̀ agbomi tó wà lábẹ́ Èkó sí mẹ́rin. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi mítà 12 nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ti ń pọn. Ìkejì wà láàárín mítà 20 sí 100 nísàlẹ̀ ìpele òkun, ìkẹta láàárín mítà 130 sí 160. Ìkẹrin jìn tó mítà 450, amọ̀ líle tó nípọn ló sì là á kúrò lára ìkẹta. Bọ́hóòlù tó dé ibẹ̀ kò pọ̀, torí owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé. Longe, Malomo àti Olorunniwo tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò ní 1987, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn títí di òní.

Ìpele àkọ́kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ Ìwáyà wà. Àbàtà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀sà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ìdọ̀tí àti lẹ́búlẹ́bú pákó dí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba ilé. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Oko-Bàbá kò kúkú jìn sí wọn. Ohun tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ti gba atẹ́gùn inú omi tán, ilẹ̀ á sì dúdú. Ṣalángá àti sọ́kàwé wà nínú ilẹ̀ kan náà. Ní ìlú tí ojú omi abẹ́lẹ̀ ti jìn, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ṣalángá àti omi a máa sẹ́ kòkòrò àrùn kù kó tó dé ìsàlẹ̀. Ní etí ọ̀sà Ìwáyà lásìkò òjò, inú omi gan-an ni ìsàlẹ̀ ṣalángá wà, kànga aládùúgbò kò sì ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ síbẹ̀. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 kò gba E. coli kan ṣoṣo láàyè nínú mililita 100 omi. Ó ṣòro kí kànga etí ọ̀sà tí kò jìn yege nínú ìdánwò yìí, bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ gaara tó. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ìkìlọ̀ pé ká máa se omi ká tó mu ún ló tún gba ìlú kan.

Ẹni tó bá sá fún kànga, tó lọ gbẹ́ bọ́hóòlù sí ìpele kejì, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ṣalángá kó bọ́ sọ́wọ́ irin. Ẹ wo báàkẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n pọn omi sí lálẹ́. Omi náà mọ́ bí omi òjò nígbà tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á ti bo ojú rẹ̀, ìpẹtà pupa á ti jókòó sísàlẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n bá sì fi fọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Irin ló yọ́ sínú omi níbi tí atẹ́gùn kò dé. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, irin dì, ó sì rọ̀ sílẹ̀. Agbẹ́bọ́hóòlù á ní omi ṣì tuntun ni, pé á mọ́ tó bá yá. Irọ́ ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí omi já láti òkè bọ́ sínú tánkì kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa, kí ẹ wá sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn kọjá. Oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Iyọ̀ ló le jù, torí òun kò gbọ́ ti iyanrìn. Lítà omi òjò kan wọn kílò 1. Ti òkun wọn nǹkan bíi kílò 1.025. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló jẹ́ kí omi òjò máa léfòó lórí omi iyọ̀ nínú iyanrìn etí òkun, bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀. Badon Ghijben ará Netherlands àti Herzberg ará Jámánì ló ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkíní ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, èkejì ní 1901: mítà 1 tí omi abẹ́lẹ̀ bá fi ga ju òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 omi aláìníyọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí etí ọ̀sà. Ká ní ojú omi ibẹ̀ fi ìdajì mítà ga ju òkun lọ; mítà 20 péré ni omi aláìníyọ̀ nísàlẹ̀. Bí pọ́ǹpù àdúgbò bá wá fa ojú omi náà wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, iyọ̀ á fi mítà 4 gòkè. Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí amọ̀ ń dí ọ̀nà, iyọ̀ ọ̀sà kò sì tó ti òkun. Síbẹ̀, ó ṣàlàyé bí bọ́hóòlù tó dùn nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ ṣe lè máa rí iyọ̀ lẹ́nu lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Alágbàfọ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀: ọṣẹ kò ní hó mọ́.

Ọ̀sà fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Àwọn onímọ̀ méjì, Hill àti Webb, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958: lásìkò òjò, omi odò á rọ́ wọlé, iyọ̀ ọ̀sà á dínkù, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, iyọ̀ á sì pọ̀. Ẹja tí àwọn apẹja Ègùn ń pa ń tẹ̀ lé ìyípadà yìí, wọn kò sì nílò ìwé láti mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ ilẹ̀ ni ojú kò tó. Adepelumi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà gbà rí i ní Lẹ́kí: wọ́n ju iná mànàmáná sínú ilẹ̀ láti orí ilẹ̀, torí iná a máa sáré nínú omi iyọ̀ ju nínú omi lásán lọ. Ìwádìí wọn, tó jáde ní 2009, fi ibi tí iyọ̀ ti wọ omi abẹ́lẹ̀ hàn. Ó yẹ ká ṣe irú rẹ̀ ní Ìwáyà.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ńkọ́? Odò ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ omi Ìjú àti Adíyan, tí agbára wọn jẹ́ mílíọ̀nù gálọ̀nù 45 àti 70 lójúmọ́, ojú odò ni wọ́n ti ń fa omi, títí kan odò Ògùn ní Àkútè. Ìdídò Òyán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, tó sì lè gba mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta omi, wà lára ohun tó yẹ kó máa bọ́ Èkó àti Abẹ́òkúta. Ìtàn Ìjú ní ohun ìyàlẹ́nu nínú. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó, Dókítà Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti kọ̀ ọ́; àwọn ará ìlú ní kànga àwọn tó àwọn, pé òyìnbó ló fẹ́ omi ẹ̀rọ. Wọ́n ṣí Ìjú ní 1915, ìjà owó omi sì tún ru ní 1916. Lónìí, ọmọ-ọmọ àwọn tó ní kànga tó àwọn ló ń gbààdúrà kí omi ẹ̀rọ yọ, kànga ni wọ́n sì tún padà sí, nínú ilẹ̀ tó ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà.

Àwọn ìlú mìíràn ti rin ọ̀nà yìí. Bangkok fa omi abẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń rì. Thailand ṣòfin lórí rẹ̀ ní 1977, wọ́n ń gba owó lórí omi tí wọ́n bá fà, rírì náà sì dínkù gidi. Jakarta kò tètè ṣe é, àríwá rẹ̀ ṣì ń rì. Ohun tí òfin Bangkok dúró lé ni ìwọ̀n.

Ìwọ̀n náà ni mo ń tọrọ. Yunifásítì Èkó wà nítòsí, Yaba College of Technology kò jìn. Kí wọ́n yan ogún kànga láti ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì dé Mákòókò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi láàárọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ju okùn aláàmì tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀ sísàlẹ̀, kó kọ bí omi ṣe jìn tó, kó fi ẹ̀rọ kékeré wo bí iyọ̀ ṣe pọ̀ sí, kó kọ ọjọ́ sí i. Kí wọ́n ṣe é fún ọdún mẹ́wàá láìdáwọ́dúró. Ẹ̀yin onílé Ìwáyà tí kànga wà lágbàlá yín, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i.