Àgbádárìgì: Èbúté Ìgbèkùn àti Ẹnu-Ọ̀nà Ìhìnrere

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí àwa tí a jẹ́ kátíkíìsì àtijọ́ kọ díẹ̀ nínú ìtàn sínú ìwé ìrántí yìí, èrò wa àkọ́kọ́ ni láti to orúkọ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ wa lélẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó jinlẹ̀, a rí i pé ẹni tí yóò ròyìn odò kò gbọdọ̀ ṣàìdárúkọ orísun rẹ̀. Kí iṣẹ́ Ìhìnrere tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti wà li Abẹ́òkúta. Kí ó sì tó dé Abẹ́òkúta, ó ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nítorí náà, a mú díẹ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, a sì lọ sí ìlú èbúté àtijọ́ náà láti fi ojú ara wa rí i. Ohun tí a rí, àti ọ̀rọ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa níbẹ̀, ni a fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín.

Ìlú náà àti Omi Rẹ̀

Àgbádárìgì wà létí ọ̀sà, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, li ọ̀nà Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn ni onílẹ̀, Akran sì ni oyè ọba wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé èbúté ni, tí ó sì ń retí ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sún mọ́ ilẹ̀, ẹnu yóò yà á; nítorí láàrin ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà tí à ń pè ní Gberefu. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òyìnbó kì í wọ ìlú rárá. Ojú òkun ni í dúró sí, lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Àwọn atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ ni í fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì náà kọjá, láti kó ẹrù lọ àti láti kó ẹrù bọ̀. A ó ru ẹrù la iyanrìn já, a ó sì tún fi ọkọ̀ mìíràn gbé e gba orí ọ̀sà wọ ìlú. Ọ̀sà kan náà ni ó nà lọ sí Èkó ní ìlà-oòrùn, àti sí Àjàṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn. Èyí ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́jà: òkun mú àlejò wá, ọ̀sà sì mú èrè ilẹ̀ wá pàdé wọn.

Nígbà tí ọba Dàhómẹ̀ ṣẹ́gun Whydah li ọdún 1727, ọ̀pọ̀ oníṣòwò wá èbúté mìíràn lọ síhà ìlà-oòrùn, Àgbádárìgì sì gbèrú. Àwọn arìnrìn-àjò pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ ni Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí li ọdún 1825, tí ó fi la ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Sókótó. Nígbà tí ó kú, ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, padà wá sí Àgbádárìgì li ọdún 1827. Níbẹ̀ ni a fura sí i, tí a sì fún un li omi májèlé mu láti dán an wò. Ó mu ún, ó sì yè. Li ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀, John, tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí Odò Ọya ti wọ òkun.

Ọjà Agbalata

A mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrìn wa sí ọjọ́ ọjà Agbalata, nítorí ọjà ọrọọrún ni, ẹni tí kò bá sì rí ọjà náà kò tíì rí ìlú. Létí ọ̀sà ni ó wà. Láti ìdájí ni àwọn ènìyàn ti ń dé, àwọn kan li ọ̀nà ilẹ̀, àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Àgbọn ni a kọ́kọ́ rí, tí a kó jọ bí òkìtì. Lẹ́yìn náà ẹja yíyan, edé, akàn, iyọ̀, gàrí, ẹní, àti àwọn ohun èlò amọ̀. Ègùn àti Yorùbá ni à ń fi ná ọjà, ẹlòmíràn a sì máa fi méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ìyá ọlọ́jà kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ìjọ ni wá, ọ̀kan nínú wọn bu àgbọn dídín lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́, kò sì gba owó. Ayọ̀ ni ọjà náà jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a kúrò níbẹ̀ tí a fi dé ọ̀gangan ọjà mìíràn tí a kì í ná mọ́.

Ọjà tí a kì í ná mọ́

Vlekete ni orúkọ ibẹ̀, orúkọ òrìṣà tí ojúbọ rẹ̀ wà nítòsí. Ènìyàn ni a ń tà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé tí à ń pè ní Bàrákúùn ti Sẹ́ríkí Williams Abass. Ogójì yàrá ni a sọ pé ó wà níbẹ̀ láti kó ẹrú sí. Yàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí àwa mẹ́wàá ti wọ inú ọ̀kan, ooru mú wa, a sì tètè jáde. Ìtàn baálé ilé náà yani lẹ́nu. Ọmọ Jọ̀gà ni. A kó o lẹ́rú ní kékeré, a sì mú un dé ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó padà wá, ó di oníṣòwò àti ìjòyè ńlá li Àgbádárìgì, ó sì kú li ọdún 1919. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀ rí, òun náà sì wá ṣòwò ẹrú. Ní ilé àwọn Mobee, a fi àwọn ẹ̀wọ̀n irin hàn wá. A gbé ọ̀kan lé àwa tìkára wa lọ́wọ́. Ó wúwo, ó sì tutù.

Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ti bínú. Ó ní, “Bàbá Kátíkíìsì, ọdún ayọ̀ ni à ń ṣe. Kí ni ẹ̀wọ̀n wá ṣe nínú àjọ̀dún ìjọ? Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọmọ lọ wo ilé míṣọ́nnárì, kí a sì máa lọ sílé.” Àwọn mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Kí a tó dá a lóhùn, ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ kúnlẹ̀, ó sì bi wá pé, “Bàbá, ta ni ó tà wọ́n?”

Ẹ̀yin ará, ẹnu wa wọ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi kọ́ àwọn ọmọdé pé òyìnbó ni ó wá kó àwọn baba wa lẹ́rú. Òtítọ́ ni pé òyìnbó rà wọ́n, wọ́n sì fi ìyà tí kò ṣeé fẹnu sọ jẹ wọ́n lójú òkun àti lókè òkun. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í kúrò létí òkun láti wọ inú ìgbẹ́ wa. Àwọn ológun wa, àwọn ìjòyè wa, àti àwọn oníṣòwò wa ni ó kó ènìyàn wá sí èbúté. Nígbà tí a kó Òṣogùn li ọdún 1821, tí a sì mú Àjàyí, ọmọdékùnrin kan, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà nínú àwọn tí ó di okùn mọ́ wọn lọ́rùn. Ìdajì ìtàn ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí náà a dá ọmọ náà lóhùn pé, “Àwa náà wà nínú àwọn tí ó tà wọ́n.” Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé etí omi.

A wọ ọkọ̀ kọjá sí Gberefu, a sì fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn náà láàrin àwọn igi àgbọn títí a fi gbọ́ ìró òkun. Li ọ̀nà ni kànga kan wà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé a ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀, kí wọn lè gbàgbé ilé, kí ọkàn wọn sì rọ̀. A kò mu nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé etí òkun, àgbà tí ó bínú náà ni ó ṣí fìlà, tí ó sì ní kí a gbàdúrà.

Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti Igi Agia

Èbúté kan náà ni Ọlọ́run yàn láti fi dá àwọn tí a tà padà. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni a kó lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ ìwé, tí wọ́n sì gba Kristi gbọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ wá sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba Àgbádárìgì wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ni ó kọ ìwé li ọdún 1841 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán oníwàásù sí wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ rántí wa, àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pè wọ́n.

Thomas Birch Freeman, ti ìjọ Wẹ́sílì, ni ó kọ́kọ́ dé, ní September 1842. Henry Townsend, ti Ẹgbẹ́ C.M.S. wa, dé ní December ọdún kan náà, pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá láti Sàró. Freeman ti Abẹ́òkúta padà, ó sì bá a níbẹ̀; ìjọ méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì. Igi ńlá kan wà, tí à ń pè ní Agia, tí a wàásù lábẹ́ rẹ̀. Igi náà wó li ọdún 1959. Ọwọ̀n ìrántí ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ará Wẹ́sílì náà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ li ọdún 1843. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn li ọlá tí ó tọ́ sí wọn.

Ní January 1845, Townsend, Gollmer tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ọjọ́ kìíní, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun Adó sì ti dí ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Nínú ìdúró yìí ni a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ṣì dúró létí ọ̀sà títí di òní. A gun àtẹ̀gùn rẹ̀, a sì wo yàrá tí a ní Crowther gbé. Àlejò a máa rò pé níbẹ̀ ni a ti túmọ̀ Bíbélì tán. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ́kọ́ ṣe jáde li ọdún 1843, kí ó tó dé Àgbádárìgì, odindi Bíbélì kò sì parí títí di ọdún 1884. Iṣẹ́ sùúrù ni, ìdúró Àgbádárìgì sì jẹ́ apá kan nínú rẹ̀.

Àwọn tí ó gbàgbọ́ níbẹ̀ li ọjọ́ wọ̀nyẹn kò pọ̀. Ọkàn àwọn ará ìlú wà li ọjà, ogun kò sì jẹ́ kí wọn sinmi. Ṣùgbọ́n ní August 1846 Crowther dé Abẹ́òkúta, nínú oṣù kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfálà, sì rí ara wọn, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní February 1848 ìyá náà gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹni tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tà, bí Jósẹ́fù, òun ni ó padà mú oúnjẹ wá fún wọn li ọjọ́ ìyàn.

Bí Ìlú náà ti Ṣe Rọlẹ̀

Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè, sá wá sí Àgbádárìgì, ìjà rẹ̀ sì pín ìlú sí méjì. Li ọdún 1851 ogun abẹ́lé jó apá púpọ̀ níbẹ̀. Ní December ọdún náà ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, a sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Gollmer kó lọ sí Èkó li ọdún 1852, àwọn oníṣòwò pẹ̀lú sì tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Li ọdún 1863 Àgbádárìgì bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó di ńlá, tí Àgbádárìgì sì di ìlú ìrántí.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi wá pé kí ni ẹ̀wọ̀n wá ṣe nínú àjọ̀dún ìjọ, èsì wa nìyí. Ìjọ tí ó bá ka orúkọ àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá, tí kò sì ka ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìhìnrere náà bá wa nínú rẹ̀, ti mu nínú kànga Gberefu. Ọpẹ́ tí kò mọ ohun tí a yọ òun nínú rẹ̀ kò lè jinlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ni ọmọdé sọ ìtàn náà tán, tèyí tí ó dùn àti tèyí tí ó korò. Ẹ sì jẹ́ kí a yẹ ara wa wò, bóyá àwọn kan wà láàrin wa lónìí, ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́, tí à ń lò bí ẹni tí a rà li ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ li ọjọ́ ọjà Agbalata, kí ẹ sì mú ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ tètè kọjá sí Gberefu kí oòrùn tó mú, nítorí iyanrìn náà a máa jó ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó wo Bàrákúùn. Bí ẹ bá rí èyí tí ó ṣáájú, ẹ ó mọ iyì èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run tí ó mú Àjàyí padà wá bá ìyá rẹ̀ pa ìjọ wa mọ́ títí di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Àmín.