Òkúta Ẹfun Onígbólò àti Òpó Ọjà Arzèkè

Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Arzèkè, tí ó ń wo òpó àti pẹpẹ ìsọ̀, kò ní ronú pé ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ wà nínú wọn. Sìmẹ́ǹtì ni ó so iyanrìn àti òkúta wọn pọ̀; òkúta ẹfun, tí àwọn Faransé ń pè ní calcaire, ni a sì fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì.

Parakou kò ní irú òkúta yìí. Òkúta akọ ni ilẹ̀ wa jókòó lé. Gúúsù ni òkúta ẹfun wà. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, òkun bo apá ibẹ̀. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń gorí ara wọn títí wọ́n fi di òkúta. A rí i ní Onígbólò, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nítòsí Pobẹ̀. A tún rí i ní Ewékorò, lọ́nà Abẹ́òkúta.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn sí ní 1889 gba àárín ìlú méjèèjì kọjá. Ní 1960, Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ní 1975, ọdún tí Dahomey di Benin, ìjọba wa àti ti Nàìjíríà, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Denmark kan, jọ dá ilé-iṣẹ́ Onígbólò sílẹ̀. 1982 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n jọ dá ti ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọba méjì lo ilẹ̀ Yorùbá bí ẹni pé ààlà kò pín in.

Wọn a fọ́ òkúta náà, wọn a pò ó mọ́ amọ̀, wọn a sì yan án nínú iná tí ó gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná. Kí orúkọ má tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ o: ẹfun orí àtẹ àwọn eléwé ọmọ, amọ̀ funfun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí a kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: òkúta ẹfun yóò hó, amọ̀ kò ní hó.

Kì í ṣe gbogbo àpò tí a ń tà ní Parakou ni ó ti Onígbólò wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Cotonou ń lọ òkúta tí a ti yan nílẹ̀ òkèèrè, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé. Ṣùgbọ́n Cotonou jìnnà sí wa ju 400 kìlómítà lọ, Onígbólò pàápàá kò sì súnmọ́ wa. Owó ọkọ̀ náà wà nínú ohun tí a ń san lórí àpò kọ̀ọ̀kan.