Ìdodo Ló Ti Sábà Ń Bẹ̀rẹ̀

“Ìdodo ló ti ń dùn mí, kì í ṣe apá ọ̀tún, a jẹ́ pé kì í ṣe apẹ́ńdíìsì.” Mo ti gbọ́ ọ sẹ́tìí láìmọye ìgbà, lẹ́nu ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. Òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́.

Ká tilẹ̀ kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe. Apẹ́ńdíìsì kì í ṣe àrùn. Ẹ̀yà ara ni, ìfun kékeré bí ìka ọwọ́ tó so rọ̀ níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá wú ló di àìsàn. Ìgbẹ́ tó gan bí òkúta wà lára ohun tó máa ń dí i lẹ́nu. Yanrìn inú gàárì tí àwọn ìyá wa ń dá lẹ́bi kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1889, Charles McBurney, oníṣẹ́ abẹ ní New York, júwe ojú kan nísàlẹ̀ ikùn lọ́tùn-ún, íǹṣì kan àtààbọ̀ sí méjì sí egungun ìbàdí, lórí ìlà tó lọ tààrà sí ìdodo. Ojú yìí ló lókìkí. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dunni jù bí dókítà bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ ló ń júwe. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣan tó ń gbé ìrora apẹ́ńdíìsì lọ sí ọpọlọ àti ti awọ ìdodo, ojú kan náà ni wọ́n ń gbà wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọpọlọ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ìdodo ló máa ń dárúkọ. Ó di ìgbà tí wíwú náà bá kan awọ tó tẹ́ inú ikùn kí ìrora tó ṣí lọ sọ́tùn-ún, nígbà púpọ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Ṣíṣí yìí gan-an ni àmì. Oúnjẹ kò ní wu aláìsàn náà jẹ. Bó bá máa bì, ẹ̀yìn ìrora ni èébì sábà ń dé. Ara á gbóná díẹ̀. Bó bá wúkọ́, tàbí tí ọkọ̀ já sí kòtò, á di ikùn mú. Ọmọdé, àgbàlagbà àti aláboyún kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ìlànà yìí.

Nítorí pé ìdodo ni, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ń sáré sí. Ohun tó ń ṣunú léwu níbí: ìfun náà lè bẹ́. Bó bá bẹ́, ìrora lè rọlẹ̀ lójijì, wọn á máa dúpẹ́ pé àgbo ti ṣiṣẹ́, nígbà tí ìdọ̀tí ń tàn ká inú ikùn.