Aṣáná tàbí Afúngbóná: Orúkọ tó yẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù

Àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún èdè Yorùbá ti ṣe wá lóore púpọ̀, wọ́n sì ti dá wa lágara díẹ̀. Àwọn ló fún wa ní amúnáwá, orúkọ tó kúrú, tó sọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, tí ọmọdé sì ń pè láìkọsẹ̀. Àwọn náà ló pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti di irọ́ láti ọjọ́ tí olùgbọ́ ti ń fi tẹlifóònù dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn lórí afẹ́fẹ́. Ayárabíàṣá ní tirẹ̀ kò sọ ohun kan pàtó: àṣá ń yára, ẹtu ń yára, ọlọ́kadà pàápàá ń yára. Oríkì ni irú orúkọ báyìí. Oríkì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi oríkì yan ọjà. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín lórílẹ̀-èdè Benin, èyí tí yóò máa kó àgbàdo, epo pupa àti sìmẹ́ǹtì lọ sí Sakété, Pobè àti Kétu, gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì, owó rẹ̀ sì wà nínú èyí tó bá mú. Bí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò bá fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya méjèèjì sọ́tọ̀, èdè Faransé ni yóò fi rò ó, tàbí kó má tilẹ̀ rò ó rárá. Òfin tí mo rò pé ó yẹ ká tẹ̀ lé kò ṣòro: ohun tí à ń rà lẹ́nu páńpù, ẹ jẹ́ ká yá orúkọ rẹ̀; ohun tí a gbọ́dọ̀ fi làákàyè yà sọ́tọ̀ ká tó sanwó, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣẹ̀dá orúkọ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ yìí kò yẹ ní ìjà. Táyà ni táyà, bíréèkì ni bíréèkì, jíà ni jíà. Ẹni tó bá fẹ́ pe táyà ní bàtà ọkọ̀, kó lọ kọ ewì. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù ń jẹ́ píkọ́ọ̀pù ní Nàìjíríà, ó ń jẹ́ bâchée lọ́dọ̀ tiwa, látinú tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn Peugeot 404 àti 504. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kárí méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ tó. Ẹ̀rọ jẹ́ ọmọ bíbí inú ọ̀rọ̀-ìṣe rọ, èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ tó sì fi ń rọ àdá, nítorí náà ohunkóhun tí ọgbọ́n èèyàn bá rọ lè jẹ́ ẹ̀rọ: èyí tó ń lọ ata, èyí tó ń fa omi, èyí tó ń ránṣọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó ti fẹ̀ jù fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi rán an. Bí a bá sì ní ká yá moteur lọ́wọ́ Faransé, mọ́tò ni etí ará Ìbàdàn yóò gbọ́, odindi ọkọ̀ ni yóò sì máa wò. Ẹ́ńjìnnì kò ní àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Orúkọ epo ni ìjà àkọ́kọ́. Lára páńpù ilé epo wa, essence àti gasoil ni wọ́n kọ. Ẹ kọjá Ìgolò wọ Ìdí-Ìrókò, ó ti di bẹntiróòlù àti dísù. Èyí tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ń jẹ́ kpayo, ọ̀rọ̀ Ègùn tí gbogbo Àjàṣẹ́ gbà láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kankan jókòó lé e lórí. Àwọn tó fẹ́ kí èdè mọ́ gaara lè ní ká pe gasoil ní epo ọkọ̀ ńlá. Irọ́ ni orúkọ náà yóò máa pa: Peugeot 404 kì í ṣe ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì ṣe ti gasoil nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé essence ni wọ́n ń mu. Ẹ wo àwọn Faransé pàápàá, tí ìjọba wọn kì í fi ọ̀rọ̀ èdè ṣeré. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá gasoil. Nígbà tó yá, wọ́n kàn tún bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ṣe, ó di gazole. Orúkọ èèyàn sì ni dísù, orúkọ Rudolf Diesel ará Jámánì. A kì í túmọ̀ orúkọ ẹni. Ẹnì kan lè sọ pé bí àwa bá ń yá ti Faransé tí wọ́n sì ń yá ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, èdè kan ṣoṣo yóò pín sí méjì. Epo nìkan ló máa pín, ẹni tó bá sì mọ orúkọ méjèèjì kò pàdánù nǹkan kan. Bí ìmọ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ bá lọ pín lẹ́nu ibodè, ìyẹn ni àdánù gidi.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn pé ká máa pe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì essence àti ẹ́ńjìnnì gasoil nínú ìwé. Ó bójú mu lẹ́nu ọjà, àmọ́ kì í ṣe epo ló ya àwọn méjèèjì. Ní 1900, níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì Diesel kan. Bó ṣe mu òróró ẹ̀pà tó, ẹ́ńjìnnì Diesel náà ló ṣì jẹ́. Ọ̀nà tí iná fi ń ràn nínú wọn ni ìyàtọ̀ wà. Nínú irú èyí tí Nikolaus Otto ṣe ní 1876, wọ́n á po epo mọ́ afẹ́fẹ́, wọ́n á fún un pọ̀ níwọ̀nba, bí ìlọ́po mẹ́jọ sí méjìlá, púlọ́ọ̀gì á sì ṣá iná sí i. Diesel gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1893, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg ní 1897. Afẹ́fẹ́ nìkan ni tirẹ̀ ń fún pọ̀, ó sì ń fún un gan-an, títí yóò fi gbóná débi pé bí wọ́n bá ti fọ́n epo sí i, iná á ràn láìsí púlọ́ọ̀gì. Fún ti Otto, Yorùbá ti parí iṣẹ́ tipẹ́. Ìgbà tí ìṣáná kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa kò yá orúkọ rẹ̀; wọ́n wo ohun tó ń ṣe, wọ́n mú ṣá àti iná, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sí, ẹ́ńjìnnì aṣáná ni.

Ti Diesel ló gba àròjinlẹ̀. Agbiná ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, nítorí iná rẹ̀ ń gbà fúnra rẹ̀. Ta ni yóò kówó lé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ agbiná? Orúkọ náà yóò sì gbé ewu ka orí gasoil tí kò jẹ̀bi. Iná tó jó ibi ìkó-epo-sí ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 2023, pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n, ó sì rán gbogbo wa létí bí epo kpayo yìí ṣe burú tó. Bó bá jẹ́ ti essence, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná kódà níbi tí omi ti ń di yìnyín, bí iná bá kàn án. Gasoil ní láti gbóná kọjá nǹkan bí àádọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. Kì wà, èyí tí ọdẹ fi ń ki ìbọn, àmọ́ ẹ̀tù àti àgbàdo là ń kì, a kì í ki afẹ́fẹ́. Tẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òkè ni a ti ń tẹ nǹkan. Fún ló bá a mu jù, nítorí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ká nǹkan mọ́. Bí a bá wá fẹ́ ké e kúrú sí afúnná, yóò forí sọ afínná, ẹni tó ń fi ẹwìrì fín iná nílé arọ́. Ìyẹn sì yí ìtumọ̀ padà, nítorí iná ti wà nílẹ̀ kí afínná tó dé, nígbà tí iná kankan kò sí nínú ẹ́ńjìnnì Diesel títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbóná. Gbígbóná yìí gan-an ni àṣírí rẹ̀, ó sì yẹ kó hàn nínú orúkọ. Bí a ṣe ń sọ pé wọ́n gún un kúná, bẹ́ẹ̀ la lè sọ pé wọ́n fún un gbóná. Ẹ́ńjìnnì afúngbóná ni mo dìbò fún.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni èyí tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ fi ń polówó tí Yorùbá kò tíì ní orúkọ fún: ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá tó ń gbé táyà lọ. Agbára la máa ń pe ohun gbogbo, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn wà. Ẹ wo Ford Super Duty ti 2020. Aṣáná rẹ̀ tó gba lítà 7.3 ní agbára ẹṣin 430. Afúngbóná rẹ̀ tó gba lítà 6.7 ní 475. Ẹni tó bá ní agbára nìkan lọ́wọ́ yóò ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ipá tí aṣáná fi ń yí ọ̀pá tó bíi 644 newton-mítà nígbà tó bá ń yí ní ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti afúngbóná tó bíi 1,424 nígbà tó ń yí 1,600 péré. Turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú afúngbóná náà, ló fa apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí. Ohun tó já sí ni pé afúngbóná lè fa ẹrù kúrò nílẹ̀ láìké rárá, nígbà tí aṣáná gbọ́dọ̀ sáré yí kó tó rí agbára tirẹ̀ lò. Kí la ó wá pè é? Okun jẹ́ ti ara èèyàn àti ẹranko. Lọ́ dà bí ẹni pé ó yẹ, nítorí a ń lọ́ aṣọ, àmọ́ ọ̀pá tó bá lọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá gbọ́ ipá ìlọ́ yóò ti máa wá ibi tó wọ́. Agbára fúnra rẹ̀ ti níṣẹ́: òun ni ipá àti eré nígbà tí a bá sọ wọ́n di ọ̀kan. Ipá ló kù, ó sì tó, nítorí a lè fi ipá ti ògiri kí ògiri má mira. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ipá ìyí, ká pe iye ìgbà tí ọ̀pá ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan ní ìyípo, ká wá sọ pé ipá ìyí tí a fi ìyípo sọ di púpọ̀ ló ń bí agbára. Wọ́n lè takò mí pé bí a kò bá fàmì sí i, ipa iyì lẹni tó ń kà á yóò rí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa oyè. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àìfàmì kò lè bà jẹ́; ojúṣe akọ̀wé ni láti fàmì sí i.

Àtakò tó kẹ́yìn ni pé mẹkáníìkì ẹ̀bá títì kò ní lo èyíkéyìí nínú wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ ní 1970, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò ni wọ́n ní láti wá, àwọn ọmọ náà sì kọ́ ẹ̀kọ́ wọn yege. Ilé ìwé ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbéra kó tó dé gárééjì. Ní ti ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ìdájọ́ mi nìyí: bí ẹrù rẹ bá wúwo lójoojúmọ́ tí ọ̀nà rẹ sì jìn, mú afúngbóná, kí o sì rí i dájú pé gasoil tí o ń rà mọ́, torí pé omi àti ìdọ̀tí máa ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo rẹ̀ jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n. Bí ẹrù rẹ bá fúyẹ́ tí ìrìn rẹ kò sì ju àárín ìlú lọ, aṣáná tó ọ. Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ àti Ìbàdàn, yálà ẹ ń kọ ɛ àti ɔ tàbí ẹ àti ọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ kan náà fún ìmọ̀ kan náà, kí ẹ sì fi orúkọ epo sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á.