Bí Eré Bí Àwàdà: Ìtàn Ẹ̀fẹ̀ Láàárín Àwọn Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀fẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀dárà ti wà láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣì ń gba odindi yàrá. Ẹ̀fẹ̀ tiwọn kì í tán sẹ́nu ẹni tó pa á. Ó ń di orúkọ irinṣẹ́, ó ń di àmì ìkọ̀wé, ó sì ti wọ inú ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dénú kò lè pa irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ náà kò sì yé kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rín sí.

Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù wá láti ọ̀dọ̀ Tech Model Railroad Club, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré. Lábẹ́ pátákó tí ọkọ̀ náà ń sáré lé lórí, wáyà àti súwíìṣì tẹlifóònù kún bámúbámú, àwọn tó fẹ́ràn abẹ́ pátákó yìí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ náà. Ní 1959, Peter Samson kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ jọ sínú ìwé atúmọ̀ kékeré kan, tàwàdà-tàwàdà. Lára ìtumọ̀ tó fún “hack” ni iṣẹ́ téèyàn ṣe tí kò ní èrè kankan nínú.

Ní 1975, Raphael Finkel bẹ̀rẹ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Stanford. Ọdún kejì rẹ̀ ni Mark Crispin gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí MIT, tí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sì jọ ń fi kún un. Jargon File lorúkọ tó mọ́ ọn lára. Guy Steele sọ ọ́ di ìwé títẹ̀ ní 1983, Eric Raymond sì tún un ṣe ní 1991.

Orí orúkọ ni ìfọ̀rọ̀dárà wọn ti ń dá bírà jù. Ní àwọn ọdún 1960, MIT, General Electric àti Bell Labs jọ ń kọ ètò ńlá kan tí wọ́n pè ní Multics, orúkọ tó ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀. Ó tóbi, ó lọ́jú pọ̀, nígbà tó sì di 1969, Bell Labs yọwọ́. Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ kékeré tiwọn, Brian Kernighan sì fún un lórúkọ tó ń fi ti àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: ọ̀pọ̀ di ẹyọ kan, Multics di Unix. Lórí Unix yìí, ètò kan wà tó ń jẹ́ “more”, ìyẹn “sí i”, tó ń fi ìwé gígùn hàn lójú ewé kọ̀ọ̀kan, àmọ́ iwájú nìkan ló ń lọ nígbà náà. Láàárín 1983 sí 1985, Mark Nudelman kọ èyí tó lè padà sẹ́yìn. “Less”, ìyẹn “díẹ̀”, ló pè é, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó sọ pé díẹ̀ gan-an ni púpọ̀.

Ní MIT kan náà, ètò ìkọ̀wé Emacs bí EINE, lẹ́tà mẹ́rin tó dúró fún “EINE kì í ṣe Emacs.” Èyí tó tẹ̀ lé e ni ZWEI: “EINE ni ZWEI tẹ́lẹ̀.” Ní èdè Jámánì, ọ̀kan ni “eine”, èjì ni “zwei”. Nígbà tí Richard Stallman kéde iṣẹ́ tuntun rẹ̀, ètò tó fara jọ Unix, ní oṣù Kẹsàn-án 1983, GNU ló pè é: “GNU kì í ṣe Unix.” Bí o bá béèrè ohun tí G dúró fún, GNU náà ni, bí o bá tún béèrè, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló máa padà sí. Ètò tó ń pe ara rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sáwọn èèyàn yìí, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni.

Nígbà mìíràn, ẹ̀fẹ̀ a máa dá àìgbọ́ra-ẹni-yé sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1982, ní Yunifásítì Carnegie Mellon nílùú Pittsburgh, àwọn kan ń jiyàn lórí kọ̀ǹpútà nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àbẹ́là àti ẹ̀kán mẹ́kúrì nínú lífíìtì tí okùn rẹ̀ bá já. Ni ẹnìkan bá fi ẹ̀fẹ̀ kéde pé nítorí àyẹ̀wò kan, mẹ́kúrì ti dà sínú lífíìtì apá òsì, iná sì ti jó o díẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà kò ní ojú, kò ní ohùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, Scott Fahlman dábàá pé kí ẹni tó bá ń ṣàwàdà fi :-) sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló tún fi kún un pé, pẹ̀lú bí nǹkan ṣe ń lọ, ó lè rọrùn jù láti máa sàmì sí ohun tí kì í ṣe àwàdà, kí wọ́n fi :-( sí ìyẹn. Bí eré bí àwàdà, àmì méjèèjì kúrò ní Pittsburgh, wọ́n kárí ayé.

Àwọn ìwé tó ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní RFC. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1978, ọjọ́ táwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ, Crispin tó kó Jargon File lọ sí MIT gbé RFC 748 jáde. Ó ní ó dà bíi pé àwọn kọ̀ǹpútà kan ti sọ dídẹnukọlẹ̀ àti pípa iṣẹ́ oníṣẹ́ rẹ́ di ara iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fáráyé. Nítorí náà, kí ìlànà wà tí olùlò yóò fi sọ bóyá òun fẹ́ ẹ. Ní 1990, David Waitzman kọ RFC 1149: kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sórí ìwé pélébé, kí wọ́n ká a mọ́ ẹyẹlé lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2001, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Linux ní Bergen, nílẹ̀ Norway, dán an wò. Ìdì ọ̀rọ̀ 9 ni wọ́n fi ránṣẹ́, èsì 4 ló padà. Èyí tó yá jù gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 53.

Èyí tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni RFC 2324, tí Larry Masinter kọ ní 1998 láti fi bú àwọn tó ń fi HTTP, ìlànà tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà rìn, ṣe ohun tí wọn kò dá a fún. Ó ṣètò bí wọ́n ṣe lè máa fi í pàṣẹ fún ẹ̀rọ kọfí: BREW láti po kọfí, WHEN láti dá ẹni tó ń bu mílíìkì dúró. Bí èèyàn bá ní kí ìkòkò tíì po kọfí, kí ìkòkò náà fi àṣìṣe 418 dáhùn pé ìkòkò tíì lòun. Àwọn tó ń kọ ètò bẹ̀rẹ̀ sí í fi 418 sínú iṣẹ́ gidi. Ní 2017, Mark Nottingham, tó ń darí ìgbìmọ̀ HTTP, ní kí Node.js àti Go, irinṣẹ́ táwọn tó ń kọ ètò ń lò, yọ ọ́ kúrò, káwọn nọ́mbà má baà tán lórí àpárá. Ariwo ta, nọ́mbà náà kò kúrò. Ìlànà HTTP tó jáde ní 2022, RFC 9110, wá fi òǹtẹ̀ lù ú: wọ́n ti fi 418 ṣàwàdà débi pé kò ṣeé lò fún ohun mìíràn mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá nọ́mbà fún àṣìṣe tòótọ́ gbọ́dọ̀ fo èyí kọjá.